Kóró Ẹlẹ́gùn-ún Inú Òkúta

Bí a bá gbẹ́ kànga ní Ìkirè tàbí ní Apòmù, yẹ̀pẹ̀ pupa la máa ń kọ́kọ́ bá, lẹ́yìn náà amọ̀, lẹ́yìn náà òkúta líle tó ń dán bí oòrùn bá tàn sí i. Àwọn agbẹ́kànga á ní, "Ó ti kan àpáta o!" Níbẹ̀ ni agbára ọkọ́ àti dígà máa ń pin sí. Àpáta yìí ti gbó púpọ̀. Ọjọ́ orí rẹ̀ ju mílíọ̀nù 500 ọdún lọ. Ooru inú ilẹ̀ ló sè é, tó yí i padà, tó fi le tó bẹ́ẹ̀. Ẹ fọ́ ọ títí ilẹ̀ ó fi ṣú, ẹ ò ní rí egungun ẹja kan tàbí ìkarahun kan nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wọ ọkọ̀ ní Ìkirè, ẹ gba Ìbàdàn kọjá, ẹ bọ́ sí títì Èkó títí ẹ ó fi dé Ṣágámù. Ilẹ̀ ti yí padà nìyẹn. Òkúta tí wọ́n ń wà níbẹ̀ funfun, ó sì rọ̀ ju tiwa lọ. Òun ni wọ́n ń lọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì. Irú rẹ̀ wà ní Ewékorò náà, níbi tí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1960. Ìkarahun pọ̀ nínú òkúta yìí rẹpẹtẹ. Ìdí rẹ̀ ni pé òkun ló bo gbogbo ibẹ̀ nígbà kan rí. Omi òkun wọlé wá, ó dúró pẹ́, ẹrẹ̀ àti ìkarahun ń rọ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ọ̀kan ń gun orí èkejì, títí wọ́n fi di òkúta. Kò sí àmì kankan pé òkun náà dé Ìkirè.

Ìkarahun ni ojú lè rí. Ohun mìíràn wà nínú òkúta wọ̀nyí tí ojú lásán kò lè rí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ni a fẹ́ sọ.

Ẹ̀dá tó ń yí bí òkòtó

Nínú òkun, nínú ọ̀sà, àti nínú odò pàápàá, ẹ̀dá kan wà tó kéré púpọ̀. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní dáínófílájélétì. Orúkọ náà gùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n kó má ṣe dẹ́rù bà yín. Inú èdè Gíríìkì àti èdè Látìn ni wọ́n ti mú un. Apá kìíní túmọ̀ sí yíyí, apá kejì túmọ̀ sí pàṣán. Pàṣán méjì ni ẹ̀dá yìí ní lóòótọ́. Ọ̀kan wé mọ́ ọn níbàdí bí ìgbànú, èkejì nà sẹ́yìn bí ìrù. Bó ti ń ju pàṣán méjèèjì ló ń lọ síwájú, tó sì ń yí bírí bírí.

Ta ni kò ta òkòtó rí nígbà tó wà lọ́mọdé? Nítorí náà, a ó máa pè é ní òkòtó omi nínú ìwé yìí. Àwa la sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ o, kí ẹnikẹ́ni má lọ bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹlẹ́ja.

Òkòtó omi kì í ṣe ẹran, kì í sì í ṣe ewéko gan-an. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ, bí ewé kòkó ti ń ṣe. Àwọn mìíràn ń jẹ ẹ̀dá tó kéré jù wọ́n lọ. Àwọn kan ń ṣe méjèèjì. Ẹ̀dá wẹ́wẹ́ inú omi ń jẹ wọ́n, ẹja kéékèèké ń jẹ àwọn yẹn, ẹja ńlá ń jẹ ẹja kéékèèké, àwa náà wá ń fi ẹja ńlá jẹ ẹ̀kọ. Bí irú wọn bá dín kù nínú òkun, ebi á bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè.

Àwọn kan nínú wọn ní ìwà kan. Lẹ́yìn tí méjì bá ti para pọ̀ di ọ̀kan, ó lè fi yíyí sílẹ̀, kó fi èèpo líle bo ara, kó dà bí kóró, kó sì rì sínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ omi. Á sùn síbẹ̀. Ẹ wo ẹyìn ọ̀pẹ. Ara ẹyìn ń jẹrà kíákíá, ṣùgbọ́n èèpo èkùrọ́ kì í tètè jẹrà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti òkòtó omi. Ara rẹ̀ kì í sábà dé inú òkúta. Kóró rẹ̀ ló ń dé ibẹ̀. Nígbà tí àkókò bá tó, ẹ̀dá inú kóró á jí, á ṣí ilẹ̀kùn kan lára èèpo, á jáde, á tún máa yí lọ. Èèpo á kù síbẹ̀ lófìfo. Ẹrẹ̀ á bò ó. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, ẹrẹ̀ á di òkúta, èèpo náà á sì wà nínú rẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń yọ ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀ nínú òkúta? Wọ́n á kọ́kọ́ fọ́ òkúta wẹ́wẹ́, wọ́n á da ásíìdì lé e. Ásíìdì kan á jẹ ẹfun inú rẹ̀. Òmíràn, tó burú débi pé ó ń jẹ dígí, á jẹ iyanrìn inú rẹ̀. Kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fọwọ́ lásán kàn. Ṣùgbọ́n èèpo kóró kò gbọ́ ti ásíìdì, òun ló máa ṣẹ́ kù. Wọ́n á wá sẹ́ ẹ bí ìyá ológì ti ń sẹ́ ògì, àfi pé asẹ́ tiwọn kúnná púpọ̀ ju ti ìyá ológì lọ. Wọ́n á kán èyí tó kù sórí dígí pẹlẹbẹ, wọ́n á sì fi awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó. Awò yìí là ń pè ní máíkírósíkóòpù.

Bí kóró náà ṣe rí

Oríṣi kóró òkòtó omi pọ̀ jọjọ. Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan tí gbogbo àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ̀ bí ẹní mowó. Orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ni Spiniferites ramosus. Wọ́n ti rí i ní Yúróòpù, ní Amẹ́ríkà, àti nínú òkúta Nàìjíríà. Bí a bá to bí 600 wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, gbogbo rẹ̀ kò ju ínṣì kan lọ.

Ara rẹ̀ rí róbótó, ó fẹ́ gùn díẹ̀ bí ẹyin. Ẹ rántí ẹ̀yìn ìjàpá. Ó pín sí abala abala, ìlà sì wà láàárín abala kan àti èkejì. Irú ìlà bẹ́ẹ̀ wà lára kóró yìí. Àmì ara tí ẹ̀dá náà gbé wọ̀ nígbà tó ń yí nínú omi ni. Níbi tí ìlà mẹ́ta bá ti pàdé, bí oríta mẹ́ta, níbẹ̀ ni ẹ̀gún ti hù. Orí ẹ̀gún náà là sí mẹ́ta, orí ọ̀kọ̀ọ̀kan tún là sí méjì wẹ́wẹ́. Nígbà mìíràn ẹ̀gún a máa hù láàárín ìlà, níbi tí kì í ṣe oríta. Irú èyí máa ń là sí méjì péré. Ìgbànú yí i ká ní àárín, níbi tí pàṣán ti wé mọ́ ẹ̀dá náà. Ní òkè ìgbànú, níhà ẹ̀yìn, abala kan ti ṣí kúrò. Abala kan ṣoṣo ni, ojú kan náà ló sì ti máa ń ṣí. Ilẹ̀kùn tí ẹ̀dá inú rẹ̀ gbà jáde nìyẹn.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn yìí sọ́kàn. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kí ẹnikẹ́ni tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Bó ṣe ní orúkọ mẹ́ta

Ní nǹkan bí 1836, ará Jámánì kan, Christian Gottfried Ehrenberg, gé irú òkúta líle tí wọ́n fi ń ṣáná nígbà àtijọ́. Ó gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ títí ìmọ́lẹ̀ fi là á kọjá, ó sì fi awò wò ó. Ó rí ohun róbótó ẹlẹ́gùn-ún nínú rẹ̀. Ó jọ ewé omi kékeré kan tó ti mọ̀ nínú odò, nítorí náà ó fi orúkọ ewé omi náà pè é, Xanthidium. Ó fi ramosum kún un, èyí ni pé ó ní ẹ̀ka, nítorí orí ẹ̀gún rẹ̀ tó là. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé nínú irú òkúta kan náà, ó rí òkòtó omi mìíràn tó jọ àwọn tó wà láàyè, ó sì mọ̀ wọ́n. Ó mọ ẹbí, kò mọ̀ pé ẹbí kan náà ni èyí tó ní ẹ̀gún.

Ní 1850, dókítà kan ní Ìlú Ọba, Gideon Mantell, ní èyí kì í ṣe ewé omi. Ó sọ ọ́ ní Spiniferites, èyí ni ẹlẹ́gùn-ún. Orúkọ náà kò gbilẹ̀. Ní 1933, ará Jámánì mìíràn, Otto Wetzel, tún sọ ọ́ ní Hystrichosphaera. Hystrix ni òòrẹ̀ ní èdè Gíríìkì. Bọ́ọ̀lù òòrẹ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá ti rí òòrẹ̀ nínú oko kòkó tó ta ẹ̀gún sókè, ẹ ó gbà pé ẹni tó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lójú inú. Orúkọ yìí ló wá gbòde. Gbogbo kóró ẹlẹ́gùn-ún tí wọ́n bá ti rí, wọ́n á ní bọ́ọ̀lù òòrẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kí ni bọ́ọ̀lù òòrẹ̀ gan-an? Àwọn kan ní bóyá ẹyin ẹ̀dá inú òkun ni. Wọ́n ń jiyàn bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní 1961 ni ará Amẹ́ríkà kan, William Evitt, wo ihò ara wọn dáadáa. Àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ti rí ihò náà, wọ́n rò pé èèpo ló fọ́. Evitt rí i pé kò fọ́. Bí ohun kan bá fọ́, ojú ibi tó bá wù ú ló ń fọ́ sí, etí rẹ̀ á sì rí wúruwùru. Ihò yìí gún ní etí, ó tẹ̀lé ìlà abala, ojú kan náà ló sì wà lára gbogbo kóró tó jẹ́ oríṣi kan. Ilẹ̀kùn ni! Ó tún rí i pé bí ẹ̀gún wọn ti tò bá bí abala ara òkòtó omi ti tò mu. Ó wá hàn gbangba pé kóró òkòtó omi ni ọ̀pọ̀ nínú bọ́ọ̀lù òòrẹ̀ wọ̀nyí.

Àwọn kan kù tí kò ní irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀, tí kò sì ní àmì abala. Ní 1963, Evitt kó wọn sí ìsọ̀rí kan lọ́tọ̀, ó sì fún un ní orúkọ tó túmọ̀ sí pé ìpilẹ̀ṣẹ̀ wọn kò dájú. Ọ̀pọ̀ ṣì wà níbẹ̀ dòní. Èyí dára lójú tèmi. Ó sàn ju kí a máa fi ipá fún ọmọ ní bàbá.

Láàárín àwọn ọdún 1960 sí 1970, David Wall àti Barrie Dale ṣe ohun tó pa ẹnu iyàn mọ́. Wọ́n bu ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun, wọ́n ṣa kóró tó ṣì ní ẹ̀mí nínú rẹ̀, wọ́n fi sínú omi òkun, wọ́n jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kàn án. Kóró ṣí, òkòtó omi jáde, ó ń yí. Ojú ni wọ́n fi rí i.

Orúkọ ńkọ́? Òfin àwọn onímọ̀ ni pé orúkọ tó kọ́kọ́ jáde lọ́nà tó tọ́ ló ni ipò. Ní 1970, William Sarjeant fi hàn pé orúkọ tí Mantell sọ ọ́ ṣáájú ti Wetzel. Báyìí ni Spiniferites ṣe padà, tí bọ́ọ̀lù òòrẹ̀ kúrò níbẹ̀, ramosus tí Ehrenberg sọ sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí a ti lè sọ pé ẹnìkan jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ará ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ará Apòmù, láti agboolé báyìí, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń to kóró yìí. Ẹ̀yà Dinophyceae ni, abẹ́ Gonyaulacales, ìdílé Gonyaulacaceae, agboolé Spiniferites, orúkọ rẹ̀ gan-an ni ramosus.

Àríyànjiyàn kò tíì tán o. Ẹ̀dá tó ń jáde nínú irú kóró yìí lóde òní ti ní orúkọ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, Gonyaulax spinifera. Orúkọ kan fún ẹ̀dá tó ń yí, òmíràn fún kóró rẹ̀. Bí ìgbà tí wọ́n ń pe ọkùnrin kan ní Àlàní lóko, tí wọ́n ń pè é ní Súlè nílùú ni. Kóró tí ìrísí wọn yàtọ̀ síra tún ti ṣí, tí ohun tó jáde nínú wọn sì jọ Gonyaulax spinifera kan náà. Bóyá ẹ̀dá kan ló ń ṣe kóró oríṣiríṣi, bóyá ẹ̀dá púpọ̀ ló jọra, àwọn onímọ̀ ṣì ń tú u.

Orúkọ Ifẹ̀ nínú ìwé ayé

Ìkirè sí Ifẹ̀ kò jìnnà. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yìí yóò dùn mọ́ yín. Ní 1985, Jan du Chêne àti Adédìran kọ̀wé lórí kóró òkòtó omi tí wọ́n rí nínú òkúta Nàìjíríà. Wọ́n rí àwọn kan tí kò bá agboolé kankan mu nínú àwọn tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n dá agboolé tuntun sílẹ̀, wọ́n pè é ní Ifecysta. Orúkọ Ifẹ̀ ló wà níwájú, cysta sì ni kóró tí à ń sọ yìí. Ọ̀kan nínú agboolé náà ni Ifecysta pachyderma, èyí ni pé awọ rẹ̀ nípọn. Kì í ṣe inú ilẹ̀ Ifẹ̀ ni kóró náà wà o, nítorí àpáta Ifẹ̀ kò yàtọ̀ sí tiwa. Orúkọ ìlú nìkan ló lọ. Ṣùgbọ́n níbikíbi láyé tí ẹnìkan bá ti rí kóró yìí, orúkọ Ifẹ̀ ni yóò kọ. Ní 2007 pẹ̀lú, Antolinez-Delgado àti Francisca Oboh-Ikuenobe kọ̀wé lórí oríṣi tuntun tí wọ́n rí nínú òkúta agbègbè Anambra, ní apá ìlà oòrùn Nàìjíríà.

Ẹnìkan lè bèèrè pé, kí ni èrè gbogbo wàhálà yìí? Bí ẹ bá ń gbẹ́ ilẹ̀ tí ẹ rí kọ́bọ̀ oníhò, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ayé náírà ló bọ́ síbẹ̀. Bí ẹ bá tún gbẹ́ ẹ jìn sí i tí ẹ rí owó ẹyọ, ẹ mọ̀ pé ayé ibẹ̀ tún pẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Kóró òkòtó omi ń ṣe irú iṣẹ́ yìí nínú òkúta. Oríṣi kan wà fún ìgbà kan, ó parẹ́, òmíràn rọ́pò rẹ̀. Spiniferites ramosus fúnra rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún èyí, nítorí ó ti wà láti ohun tó ju mílíọ̀nù 100 ọdún lọ, ìran rẹ̀ ṣì wà nínú òkun. Àwọn tí ẹ̀mí wọn kò gùn ló dára jù.

Àwọn tó ń wa epo rọ̀bì mọ èyí dáadáa. Láti ìgbà tí wọ́n ti rí epo ní Olóíbírì ní 1956, wọ́n ti gbẹ́ kànga epo tó jìn tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀ bàtà. Òkúta wẹ́wẹ́ tí ẹ̀rọ ń gbé jáde ni wọ́n fi ń wá irú kóró báyìí, kí wọ́n lè mọ ìgbà tí ẹ̀rọ wà nínú rẹ̀. Inú òkúta tí ẹrẹ̀ dì bẹ́ẹ̀ ni epo ti ń wá. Bí ẹnìkan bá wá bá yín ní Ìkirè, tó ní epo rọ̀bì wà lábẹ́ oko yín, kí ẹ dá owó kí òun lè gbẹ́ ẹ, ẹ bi í léèrè bóyá ó mọ irú òkúta tó wà níbẹ̀.

Ìgbà tí òkun gbóná ní Ṣágámù

Ní 2017, àwọn onímọ̀ láti ilẹ̀ Netherlands àti ibòmíràn, pẹ̀lú àwọn ará Yunifásítì Ìlọrin, tẹ ìwé kan jáde lórí òkúta agbègbè Ṣágámù. Ìgbà kan ni wọ́n ń wá, mílíọ̀nù 56 ọdún sẹ́yìn. Nígbà náà, afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù púpọ̀ wọ inú òfuurufú, ooru òkun ayé sì fi bíi dígírì 5 lé sí i. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ti máa ń rò pé òkun agbègbè tiwa, níbi tí oòrùn ti ń mú, kò lè gbóná kọjá ìwọ̀n kan. Òkúta Ṣágámù ní kò rí bẹ́ẹ̀.

Wọ́n yẹ ìkarahun wẹ́wẹ́ wò, wọ́n yẹ ọ̀rá tí àwọn ẹ̀dá kéékèèké fi sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀ wò. Kí ooru yẹn tó dé, omi òkun níbẹ̀ ti wà ní bíi dígírì 33. Nígbà tí ooru dé, ó kọjá 36. Omi òkun ẹ̀bá Èkó lóde òní sábà máa ń wà lábẹ́ 30. Wọ́n wá ka kóró òkòtó omi. Ní ìpele ìsàlẹ̀, kóró wà níbẹ̀ dáadáa, oríṣiríṣi. Ní ìpele ibi tí ooru ti mú jù, iye wọn já wálẹ̀ gan-an, oríṣi wọn náà sì dín kù. Ooru ló pọ̀ jù fún wọn. Ẹ ò rí i pé bí wọn kò bá tíì mọ̀ pé kóró òkòtó omi ni bọ́ọ̀lù òòrẹ̀, kò sí ẹni tó máa mọ ohun tí kíkà yìí túmọ̀ sí?

Lóde òní pẹ̀lú, afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù ń wọ òfuurufú láti inú epo àti èédú tí ọmọ aráyé ń sun, ó sì ń yára ju ti ìgbà yẹn lọ. Àwọn apẹja ní etí òkun wa wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn gbọ̀ngbọ̀n. Àwa tí à ń ra ẹja lọ́wọ́ wọn náà wà níbẹ̀.

Ṣé ẹ̀ ń rí Odò Ọ̀ṣun tó ń ṣàn kọjá lẹ́bàá wa? Nígbà òjò ó máa ń pọ́n, nítorí ilẹ̀ oko wa ló ń gbé lọ. Èyí tó pọ̀ nínú ẹrẹ̀ náà á dúró sí ìdídò Aséjìre. Èyí tó bá kọjá á dé ọ̀sà tó wà létí òkun, á rọra rọ̀ sí ìsàlẹ̀ omi. Òkòtó omi wà níbẹ̀, ó ń yí. Àwọn tó bá ti di kóró á rì, ẹrẹ̀ tó ti ọ̀nà Ìkirè àti Apòmù wá á sì bò wọ́n mọ́lẹ̀.